Òkè Ìdànrè: ṣé a lè sọ̀ ní ẹ̀yìn àpáta láìpadà sórí àtẹ̀gùn?

Arìnmásinmi:

Ẹ kú àsìkò yìí o, ẹ̀yin tí ẹ mọ òkè rìn. Àwa mẹ́rin la fẹ́ lọ sí Òkè Ìdànrè ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá. A ó gba orí àtẹ̀gùn gòkè láti Odòde bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe, ṣùgbọ́n a ò fẹ́ gba ibẹ̀ padà. Lẹ́yìn ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè, lápá ìwọ̀-oòrùn, àpáta ńlá kan wà tí kò ní ọ̀nà lórí. Ohun tí a fẹ́ ni ká gun orí rẹ̀, ká sọ̀ ní ẹ̀yìn rẹ̀ sínú àfonífojì, ká wá tọ ọ̀nà oko kòkó jáde sí títì.

Mo fa ìlà sí i lórí Google Earth. Láti orí àpáta dé ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀ jẹ́ 400 mítà, gíga tí a ó sọ̀ jẹ́ 170 mítà, ibi tó dà jù lọ sì jẹ́ dígírì 31. Mo tún ní máàpù ìjọba àtijọ́, 1:50,000, nínú fóònù mi. Ṣé èyí tó láti fi sọ pé ibẹ̀ ṣeé kọjá? Kí ni mo tún gbọ́dọ̀ wò? A ní okùn 30 mítà kan, bó bá wúlò.

Ẹsẹ̀ Àpáta:

Ẹ kú ìmúrasílẹ̀. Kò tó o. Dígírì 31 yẹn ni ká kọ́kọ́ tú wò, torí nọ́ḿbà ni, kì í ṣe àpáta.

Ìwọ̀n gíga tí ọ̀pọ̀ áàpù ń lò fún ilẹ̀ wa, rédà ló wọ̀n ọ́n láti inú Endeavour, ọkọ̀ tó ń lọ sí gbalasa òfurufú, ní oṣù Kejì ọdún 2000. Gíga kan ṣoṣo ló ń fi sílẹ̀ fún ilẹ̀ tó tó 30 mítà níbùú lóròó. Bí ògiri àpáta tó ga ní 20 mítà bá bọ́ sáàárín àmì méjì, ohun tí áàpù máa kà ni pé ẹ sọ̀ 20 mítà nínú ìrìn 30 mítà: dígírì 34. Bí ògiri kan náà bá pín sórí àlàfo méjì, ó di 20 nínú 60: dígírì 18. Dígírì 18 nìyẹn o, ibi tí ìyá àgbà lè ru igbá ẹ̀kọ gbà! Nítorí náà 31 yín lè jẹ́ 31 lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pẹrẹsẹ, ògiri, pẹrẹsẹ. Níbi tí igi bá pọ̀, rédà kì í dé ilẹ̀ dáadáa, àárín ewé ló máa ń dúró sí. Kòtò jíjìn tí igi kún inú rẹ̀ á wá dàbí ilẹ̀ tó kàn tẹ̀ díẹ̀.

Máàpù àtijọ́ yẹn wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹ ka ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó lò ó. Ẹsẹ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń ka gíga, kì í ṣe mítà. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ló wà láàárín ìlà kọ́ńtọ̀ (ìlà tó so àwọn ibi tí gíga wọn dọ́gba pọ̀) kan sí èkejì, ìyẹn 15 mítà. Lórí 1:50,000, mìlímítà kan dúró fún 50 mítà ilẹ̀. Ìlà tó fi mìlímítà kan jìnnà síra, dígírì 17. Ìdajì mìlímítà, dígírì 31. Tí ìlà bá ti ń gun ara wọn tí ẹ ò rí funfun láàárín wọn mọ́, ó ti kọjá 45, ẹ pa ibẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ètò yín. Ohun tí máàpù náà ò lè sọ ni ọ̀gbun tí kò tó 15 mítà. Ó lè sá pamọ́ sáàárín ìlà méjì láìfi àmì kankan hàn, bẹ́ẹ̀ mítà mẹ́ta péré ti tó láti dá èèyàn dúró.

Ṣùgbọ́n bí àpáta Ìdànrè ṣe rí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ ni. Orí rẹ̀ tẹ́, bí ẹ ṣe ń sọ̀ ló ń dà sí i, títí etí igbá á fi dúró ṣánṣán. Ẹni tó ń ti òkè bọ̀ kì í rí ìdí rẹ̀. Ohun tó ń rí kò ju àpáta bíi mítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, orí igi lọ́ọ̀ọ́kán. Ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan dà díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú lọ, kò sì sí èyí tó máa kìlọ̀ fún un. Nígbà tí bàtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, ó ti dé ibi tí yíyí padà ti nira ju sísọ̀ lọ. Òdìkejì ni ti ẹni tó ń gòkè: ibi tó le jù ló kọ́kọ́ pàdé, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí ilẹ̀, tó lè sọ pé rárá kó sì padà lọ jẹun.

Torí náà ẹ yí ètò yín po. Ẹ ti ọ̀nà oko kòkó dé ìdí ẹ̀yìn àpáta náà, ẹ gun un láti ibẹ̀ bó bá ṣeé gùn, kí ẹ wá fi orí àtẹ̀gùn sọ̀. Ìrìn kan náà ni, ilẹ̀ kan náà lẹ máa tẹ̀.

Awòye:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Ẹsẹ̀ Àpáta, àmọ́ ẹ má tìtorí ẹ̀ ju Google Earth nù. Ìwọ̀n gíga rẹ̀ ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí ẹ mú àwòrán rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà, àmì aago kan wà lókè tí ẹ lè fi fà á padà sí àwòrán àwọn ọdún tó ti kọjá. Ẹ wá ti oṣù Kìíní tàbí Kejì, kí ẹ tún wá ti ìgbà òjò tí ìkùukùu ò bò, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Àpáta gbígbẹ máa ń ní àwọ̀ eérú tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú. Ìlà dúdú tó ti òkè ṣàn wálẹ̀ bí ọ̀dà tó dà nù, ojú omi nìyẹn. Àwọn ohun ẹlẹ́mìí kéékèèké tí ojú lásán ò lè rí ló sọ ọ́ di dúdú. Bó bá gbẹ, ó ń di bàtà mú bíi àpáta yòókù. Bó bá tutù, ọṣẹ ni. Bí ìlà dúdú kan bá ṣì ń dán nínú àwòrán oṣù Kejì, omi ń sun níbẹ̀ títí kan ẹ̀rùn. Ẹ ò gbọ́dọ̀ tọ orí rẹ̀ lọ, ẹ ò sì gbọ́dọ̀ dá a kọjá níbi tó bá ti dà.

Àwọ̀ ewé lórí àpáta jẹ́ oríṣi méjì. Èyí tó rí tóóró tó sì tọ́ bí okùn jẹ́ ibi tí àpáta ti sán, tí erùpẹ̀ wọ inú rẹ̀, tí igi kéékèèké hù sí i. Ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń rí ibi fẹsẹ̀ lé. Èyí tó rí bí àbàwọ́n, tó tẹ́ sórí àpáta láìsí ojú sísán, koríko tó dì bí tìmùtìmù ni. Èyí tó pọ̀ jù lórí irú àpáta yìí káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ń pè ní Afrotrilepis pilosa. Ojú àpáta lásán ló dì mọ́, gbòǹgbò rẹ̀ ò wọnú ibì kankan. Nígbà ẹ̀rùn ó ń gbé èèyàn dáadáa, kódà ó dùn ún tẹ̀. Nígbà tí òjò bá rin ín, ó lè ká kúrò bí ẹní pẹ̀lú ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ẹ má ṣe dì í mú láti fi fa ara yín sókè.

Ẹ tún wo òjìji. Bí òpó tẹlifóònù tí ẹ mọ gíga rẹ̀ bá wà nínú àwòrán ọjọ́ kan náà, ẹ wọn òjìji rẹ̀. Òpó 40 mítà tó ní òjìji 32 mítà: gbogbo mítà kan òjìji jẹ́ mítà kan àti ìdá kan nínú mẹ́rin gíga. Ẹ wá wọn òjìji tó wà lẹ́sẹ̀ àpáta yín. Tí kò bá sí òjìji rárá, ó lè jẹ́ pé oòrùn ló wà ní iwájú àpáta náà, ẹ má tíì yọ̀.

Ọmọ Ọdẹ:

Ẹ̀gbọ́n Awòye, mo gbà pé ojú sísán máa ń ní ibi fẹsẹ̀ lé, àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìkìlọ̀ kan kún un. Òmíràn nínú wọn jìn ju ìdúró èèyàn lọ, igbó ló bo ẹnu rẹ̀. Láti òkè ó dàbí koríko. Ẹ máa fi igi tẹ iwájú yín wò kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, tí igi bá wọlé láìkan nǹkan, ẹ yà.

Gbogbo ẹ̀yin méjèèjì sọ̀rọ̀ àpáta, ẹ ò sọ̀rọ̀ àfonífojì, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọjọ́ máa ń bá èèyàn tán. Láàárín àpáta kan sí èkejì ní Ìdànrè, òkúta tó tó ilé ló já jọ síbẹ̀, okùn igbó bò wọ́n, èèsún kún àlàfo. Nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń fi àdá lànà lè máà rìn tó ìdajì kìlómítà ní wákàtí kan. Òfin ìrìn òkè tí William Naismith, ará Scotland, là sílẹ̀ lọ́dún 1892, tí a bá fi ìwọ̀n òde òní sọ ọ́, ni wákàtí kan fún kìlómítà márùn-ún, kí ẹ fi wákàtí kan kún un fún gbogbo 600 mítà tí ẹ bá gùn. Ojú ọ̀nà nìyẹn wà fún. Fún àfonífojì yìí, ẹ ju òfin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Oṣù Kejìlá sì ni èso wérepè ń gbẹ. Ẹ ò ní láti fọwọ́ kàn án, ẹni tó ń lànà níwájú bá fi àdá kàn án, irun rẹ̀ á fò bá gbogbo yín. Aṣọ alápá gígùn, ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì jìnnà sí ẹni tó mú àdá dáadáa. Ẹ wo ògiri àpáta náà dáadáa pẹ̀lú awò fún oyin: ibi tó yọrí jáde tí òjò kì í kàn ni wọ́n ń fẹ́. Bí ẹ bá rí afárá tó so rọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà yẹn ti tì, àpáta ì báà tẹ́ bí ojú títì.

Nípa bíbéèrè lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ kòkó àti ọdẹ: ẹ má béèrè pé "ṣé ọ̀nà wà níbẹ̀?" Bẹ́ẹ̀ ni ni wọ́n máa dáhùn, torí ọ̀nà wà fún wọn. Ẹ béèrè pé, ẹ jọ̀ọ́ bàbá, ìgbà wo lẹ kọjá níbẹ̀ kẹ́yìn? Ẹ̀rùn ni àbí òjò? Ṣé ẹ ru ẹrù? Ọ̀nà ibẹ̀ náà lẹ gbà padà àbí ẹ yí gba ibòmíràn? Ẹni tó bá ní òun gba ibẹ̀ gòkè ṣùgbọ́n òun gba ibòmíràn sọ̀, ó ti dá ìbéèrè yín lóhùn láìmọ̀.

Kí n tó gbàgbé: ẹ sọ èrò yín níbi tí wọ́n ti ń gba owó ìwọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n darí yín sí àwọn tó yẹ kí ẹ rí láàfin Ọwá. Òkè ibẹ̀ kì í ṣe òkúta lásán. Àwọn kan jẹ́ ti òrìṣà, bíi ti Orósùn, èèyàn ò kàn ń dédé fẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má gun ọ̀kan, kò sí dígírì tó lè yí i padà.

Arìnmásinmi:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo ti lọ wo àwòrán náà. Ìlà dúdú méjì wà lórí ìlà tí mo fà, ọ̀kan dán nínú àwòrán oṣù Kejì. Mo rí òpó kan, mo lo ìṣirò tí ẹ̀gbọ́n Awòye fi hàn, òjìji ẹsẹ̀ àpáta sì jẹ́ bíi 10 mítà, ìyẹn ògiri 12 mítà àbọ̀. Okùn wa gùn ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po méjì. Ṣé a ò kàn lè so ó ká sì fi sọ̀ kalẹ̀?

Ẹsẹ̀ Àpáta:

Ẹ so ó mọ́ kí ni? Ìbéèrè yẹn ló ń pa ètò okùn lórí irú àpáta yìí. Orí rẹ̀ pá borokoto. Igi tó wà níbẹ̀, inú erùpẹ̀ tí kò jìn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ ló dúró sí. Bí ẹ bá sì fẹ́ fa okùn náà tẹ̀lé ara yín lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀, ẹ ní láti ṣẹ́ ẹ po méjì, 30 di 15, kí ẹ tún yọ èyí tó máa yí igi ká. Lẹ́yìn náà ni ti àṣìṣe 12 mítà àbọ̀ yẹn: òjìji tó bá bọ́ sórí ilẹ̀ tó ń sọ̀ máa ń gùn sí i, èyí tó bọ́ sórí ilẹ̀ tó ń gòkè á kúrú. Ó lè jẹ́ 9, ó lè jẹ́ 16. Ẹni tí kò bá kọ́ iṣẹ́ okùn lọ́dọ̀ olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ fi kọ́ ọ níbẹ̀. Ẹ fi okùn sílé, ẹ fi omi rọ́pò rẹ̀: lítà mẹ́rin fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀sán gangan lórí àpáta náà dàbí inú ààrò.

Ìlà tí ẹ fà yẹn ti kú. Ìyẹn ò sọ pé àpáta náà ti kú. Ẹ rìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti apá kan dé èkejì, kí ẹ wá ibi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti gun àpáta: ibi tí òkúta já jọ tí erùpẹ̀ wọ́ bò ó, tó fi ga dé òkè etí igbá. Ó sábà máa ń wà ní ìgun, níbi tí àpáta méjì ti fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó láti orí òkè tó kọjú sí i, bíi ìdajì kìlómítà sí kìlómítà kan, ní aago méje àárọ̀ tàbí márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Oòrùn tó ń ti ẹ̀gbẹ́ wá máa ń fi gbogbo ibi tó yọ àti ibi tó tẹ̀ lára rẹ̀ hàn. Ní aago méjìlá, gbogbo rẹ̀ á rí pẹlẹbẹ. Àpáta tí ẹ bá kọjú sí gan-an máa ń dàbí ẹni pé ó le ju bó ṣe rí lọ, nítorí náà ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́ náà.

Tí ẹ bá dé ìdí rẹ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Igi tó gùn ní mítà kan gééré ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ti àpáta lápá òkè, kí ẹ na èkejì sí apá ìsàlẹ̀. Ẹ dá ìgò omi tó kún dé ìdajì dùbúlẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ gbé igi sókè sílẹ̀ títí ojú omi yóò fi bá igi mu. Ẹ wá wọn àlàfo láti ẹnu tó wà lófuurufú dé ojú àpáta tààrà nísàlẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà 47 jẹ́ dígírì 25. 58 jẹ́ 30. 70 jẹ́ 35. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́ta mẹ́rin, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Lórí àpáta gbígbẹ tó mọ́, pẹ̀lú bàtà onírọ́bà tó rọ̀, títí dé 25 ẹ máa rìn lọ láìfọwọ́ kan ilẹ̀. Láàárín 25 sí 35, ó ṣì ń di bàtà mú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ̀ kò ní dúró, torí náà ohun tó wà nísàlẹ̀ ló máa pinnu: koríko àti erùpẹ̀, ẹ lè gùn ún, ọ̀gbun, ẹ fi sílẹ̀. Kọjá 35, kì í ṣe ìrìn mọ́. Bí òjò tàbí ìrì bá ti kàn án, ẹ yọ mẹ́wàá kúrò nínú gbogbo nọ́ḿbà wọ̀nyí. Ẹ fi ọwọ́ gbá ojú àpáta náà pẹ̀lú: iyanrìn wẹ́wẹ́ tó bọ́ lára rẹ̀ àti eruku ọyẹ́ ń yí lábẹ́ bàtà bí àgbàdo. Àpáta yìí ń bó ní ìpele ìpele bí àlùbọ́sà, nítorí náà ẹ fi ìdí igi gbá ìpele kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbára lé etí rẹ̀. Èyí tó le á dún kọ́, ohùn rẹ̀ á kú síbẹ̀. Èyí tó ti ṣí kúrò lára ìyá rẹ̀ á dún bí ìkòkò òfìfo. Ẹ má dì í mú, kí ẹnikẹ́ni má sì wà nísàlẹ̀ yín.

Oṣù Kejìlá, òjò ò wọ́pọ̀, àmọ́ àwọn tó máa ka èyí ní oṣù Kẹrin ńkọ́? Àpáta kì í mu omi. Òjò 20 mìlímítà lórí àpáta tó fẹ̀ ní hẹ́kítà kan jẹ́ 200,000 lítà, ojú àgbàrá kan náà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ń bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kòtò tí ẹ bá gbà gòkè ní àárọ̀ lè di odò ní ìrọ̀lẹ́. Bí ìkùukùu bá ti ń dúdú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.

Oòrùn ń wọ̀ ní bíi aago 6:20 lásìkò tí ẹ fẹ́ lọ. Bí aago kan ọ̀sán bá lu tí ẹ ò tíì bọ́ sórí ibi tó tẹ́, ẹ padà gba ibi tí ẹ bá wá. Ẹ fún ẹnì kan ní iṣẹ́ wíwo aago, kó má jẹ́ ẹni tó ń ya fọ́tò.

Bàbá Onímáàpù:

Mo kàn fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Arìnmásinmi, ṣé orí máàpù àtijọ́ yẹn lẹ ó ti ka nọ́ḿbà ibi tí ẹ ń lọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sínú GPS fóònù? Ìṣirò ilẹ̀ tí wọ́n fi ya ọ̀pọ̀ máàpù Nàìjíríà àtijọ́ ni Minna. Èyí tí fóònù ń lò ni WGS84. Ibì kan náà máa ń fi bíi 100 mítà yẹra láàárín àwọn méjèèjì. Lórí oko kòkó, ìyẹn ò já mọ́ nǹkan. Lórí àpáta yín, 100 mítà ni àlàfo tó wà láàárín ìgun tí ẹ ń wá àti etí ògiri. Ẹ lọ sínú ètò áàpù náà, níbi tí wọ́n kọ "datum" sí, kí ẹ yan Minna kí ẹ tó tẹ nọ́ḿbà máàpù sí i. Bí áàpù yín ò bá ní in, ẹ má ka nọ́ḿbà kankan lórí máàpù náà. Ẹ wá nǹkan tó hàn lórí máàpù àti nínú àwòrán sátẹ́láìtì, bíi oríta tàbí ibi tí odò méjì ti pàdé, kí ẹ wọn bí méjèèjì ṣe yẹra síra, kí ẹ fi ìyẹn tún ibi yòókù ṣe.

Arìnmásinmi:

WGS84 ló wà níbẹ̀, Bàbá. Mo ti yí i padà, àmì tí mo fi sí ìgun àpáta náà sì ti sún kúrò nínú igbó bọ́ sórí òkúta. Ọjọ́ Ẹtì la ó lọ rìn lẹ́sẹ̀ rẹ̀, láìgun nǹkan kan. N ó fi ìwọ̀n igi náà ránṣẹ́ síbí tí a bá dé.